Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Òróró Ìdí Alùpùpù

Òróró ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òróró inú fìtílà àwọn wúńdíá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá ilé fi ń dín àkàrà. Èyí tí a fẹ́ sọ ni òróró tí ń gbé inú àpótí irin kékeré kan ní ìdí alùpùpù, níbi tí ojú kì í dé, tí ẹni tí ó ni alùpùpù náà sì lè gùn ún fún ọdún mẹ́ta gbáko láì rántí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ìwé méjì ni ó fà á. Èkíní ti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí ó ra alùpùpù BMW àtijọ́ kan, irú èyí tí kò ní ṣéènì. Ó ní mẹ́káníìkì mẹ́ta ni òun bi léèrè òróró tí ó yẹ kí òun dà sí gíà ẹ̀yìn rẹ̀, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun sì gbà. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ni. Èkejì ní gíríìsì ni kí òun kì sí i kí ó kún. Ẹ̀kẹta ní gíà ọ́ìlì èyíkéyìí ni, kí ó ṣáà ti ki dáradára.

Ìwé kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá olóbì kan ní Ṣàgámù ni ó ní i, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sì bá a kọ ọ́. Ìyá yìí fi owó èésú ọdún méjì ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kí ó lè máa kó gbànja àti gbágùúdá láti abúlé wá sí ọjà. Kò tíì pé ọdún kan tí gíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà fi jẹ. Wọ́n ra òmíràn sí i. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn èyí, ó tún jẹ. Nísinsìnyí ọmọ náà ti ń wí káàkiri pé ọwọ́ ayé ni, ó sì ti ń wo ìyàwó bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan náà ní ìwòkuwò, nítorí pé obìnrin náà sọ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dé pé, “Ẹ ò rí i bí ó ti dára tó!” Ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tí òun yóò ṣe. Owó ti tán, àlàáfíà ilé sì ń lọ.

A rán ènìyàn kí ó lọ bi ọmọ náà léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: òróró wo ni wọ́n dà sí ìdí kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n fi gíà tuntun sí i? Ó dáhùn láì fi ohunkóhun pa mọ́ pé òróró dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akóyọyọ kan ni, nítorí pé mẹ́káníìkì ní “ìdí kì í yan òróró.” Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá òótọ́ ni pé ìdí kì í yan òróró.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù yìí àti alùpùpù BMW ti Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ní ọ̀nà kan. Púpọ̀ jù nínú àwọn ọ̀kadà tí ń ná Ṣàgámù sí Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn ni ó jẹ́ pé ṣéènì ni ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣéènì wà ní gbangba. Bí ó bá gbẹ, ẹ óò rí i, ẹ óò sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn alùpùpù kan wà tí ó jẹ́ pé ọ̀pá irin gígùn tí a ń pè ní ṣáàfù ni ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: ilé iṣẹ́ FN ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe alùpùpù oní-ṣáàfù ní 1905, BMW ti Jámánì sì fi ṣáàfù sí alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́, R32, ní 1923, kò sì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù ńlá tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣíwájú ọkọ̀ àwọn ìjòyè jẹ́ irú èyí. Àwọn kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá náà ń lo ṣáàfù lábẹ́ ikùn wọn, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń ṣe. (Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ń kó èrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, ètò òróró rẹ̀ sì yàtọ̀. Kí ẹni tí ó ni ín tẹ̀lé ìwé tirẹ̀.)

Ọ̀pá yìí ń yí ní gígùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti yí sí iwájú. A ní láti ṣẹ́ agbára náà ní igun, bí ẹni tí ó dé oríta tí ó sì yà sí apá ọ̀tún. Gíà méjì eléyín ni ń ṣe èyí nínú àpótí ìdí: kékeré kan ní orí ṣáàfù, àti ńlá kan tí ó dàbí àwo ní ara ẹsẹ̀ ọkọ̀. A kì í gbẹ́ eyín wọn ní ọ̀gbọrọ. Ní ìtẹ̀kọrọ̀ ni a ń gbẹ́ wọn, kí wọ́n lè máa wọ ara wọn ní pẹ̀lẹ́ láì pariwo. Nínú àwọn mìíràn, gíà kékeré kò tilẹ̀ dojú kọ àárín gíà ńlá, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Irú èyí ni a ń pè ní hypoid, ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ni ó sì kọ́kọ́ fi í sí ọkọ̀ ní 1926.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òróró ti wọlé nìyí. Ẹ wo ìyá kan nídìí ọlọ. Bí ó bá kàn ń yí ọmọ ọlọ gbirigbiri lórí ìyá ọlọ, ata kò ní kúnná. Ó ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó sì fà á. Eyín gíà tí a gbẹ́ ní ọ̀gbọrọ a máa yí lórí ara wọn jù bí wọ́n ti ń fà lọ. Ṣùgbọ́n eyín onítẹ̀kọrọ̀, pàápàá ti hypoid, a máa tẹ ara wọn, wọ́n a sì máa fa ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọlọ àti ìyá ọlọ, gbogbo ìwúwo ẹrù sì wà lórí ibi tóóró tí wọ́n ti fara kan ara wọn. Lórí ọlọ, ata ni a ń lọ̀. Nínú àpótí yìí, irin ni yóò lọ irin bí kò bá sí ohun tí ó là wọ́n. Òróró lásán a máa sá kúrò láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń sá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó tẹ ẹrẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn tí ń pò òróró fi ń fi oògùn sí i. Imí-ọjọ́ ni olórí rẹ̀, àní imí-ọjọ́ kan náà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú ìtàn Sódómù, pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nígbà tí òróró bá sá tí irin sì fẹ́ kan irin, ooru ibẹ̀ a jí oògùn yìí. A bá irin dàpọ̀, a sì ṣe awọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan sí ojú eyín gíà. Awọ yìí ni yóò ya dípò eyín. Ẹni tí ó bá ti ṣí agolo gíà ọ́ìlì rí mọ òórùn rẹ̀. Imí-ọjọ́ ni ń rùn bẹ́ẹ̀.

Kí èyí tó di ohun tí a ń ṣe ní ilé ìpo oògùn, òróró àbùùbùtán ni wọ́n ń fi imí-ọjọ́ sè tí wọ́n sì ń pò mọ́ òróró gíà, títí di ìgbà tí Amẹ́ríkà fi òfin dí i ní 1970 nítorí pé wọ́n ń pa ẹranko náà run. Àwa náà sì ní ìpín tiwa nínú ìtàn òróró ẹ̀rọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí epo inú ilẹ̀ tó gbòde, epo pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń fi pa ìdí ẹsẹ̀ rélùwéè àti ara ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà Ìkòròdú ni epo ilẹ̀ Rẹ́mọ gbà dé Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, tí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtàn yìí mú ẹnikẹ́ni da epo pupa sí ìdí alùpùpù o! Epo pupa a máa kan, a máa dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kò sì ní agbára láti dúró láàárín eyín hypoid. Rélùwéè ìgbà náà kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀.

Ó kù kí a ka àmì ara agolo. Nọ́ńbà méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń ṣi èyí tí ó tóbi jù lọ nínú wọn lóye.

Bí ẹ bá gbé agolo ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí a kọ 40 sí àti agolo gíà ọ́ìlì tí a kọ 90 sí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé èkejì ki ju ìlọ́po méjì èkíní lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí a ń pè ní SAE ni ó gbé nọ́ńbà wọ̀nyí kalẹ̀, òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì lò, bí ẹni pé a fi kóńgò wọn gààrí ní ọjà Ṣàgámù, tí a sì fi agolo wàrà wọ̀n ọ́ ní ọjà Ìkẹ́nnẹ́. Bí a bá mú wọn wá sí orí òṣùwọ̀n kan, nínú ooru 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gíà ọ́ìlì 90 yóò wà láàárín 13.5 àti 18.5; ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì 40 yóò wà láàárín 12.5 àti 16.3, 50 yóò wà láàárín 16.3 àti 21.9. Ẹ kò rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n? Kì í ṣe kíki ni ó ya gíà ọ́ìlì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì. Oògùn inú rẹ̀ ni. Mẹ́káníìkì tí ó ní kí a ṣáà wá èyí tí ó ki kò tíì sọ ohun kan tí ó wúlò.

Bí a bá kọ nọ́ńbà náà ní 80W-90 tàbí 85W-90, èyí tí ó ní W lẹ́yìn jẹ́ ti ìgbà òtútù. Ibi tí a ti ń dán 80W wò jẹ́ 26 lábẹ́ òdo, ti 85W sì jẹ́ 12 lábẹ́ òdo. Ọyẹ́ Rẹ́mọ a máa mú ètè bẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ omi inú ìkòkò di òkúta rí. Nítorí náà, 80W-90, 85W-90, tàbí 90 lásán, ìkankan kò ju èkejì lọ ní ilẹ̀ wa. Ìwé BMW fún àwọn alùpùpù àtijọ́ wọ̀nyẹn tilẹ̀ wí pé kí a lo 90 bí ooru ojú ọjọ́ bá ti ju 5 lọ, kí a lo 80 bí ó bá kéré sí i. Ta ni ó ti rí 5 ní Ìkẹ́nnẹ́? Fún kẹ̀kẹ́ tí ń ru ẹrù wúwo lójoojúmọ́ nínú oòrùn, àwọn kan ń lo 85W-140, èyí tí ó ki jù. Kò burú bí ìwé kẹ̀kẹ́ náà bá fi àyè gbà á; ṣùgbọ́n kí a má rò pé kíki yìí lè gba ipò oògùn tí kò sí.

Nọ́ńbà kejì ni GL, èyí tí àjọ elépo Amẹ́ríkà tí a ń pè ní API gbé kalẹ̀. Méjì ni ó kàn wá: GL-4 àti GL-5. GL-5 ni a ṣe fún hypoid àti iṣẹ́ líle. Oògùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti GL-4. Ẹni tí ó gbọ́ èyí lè wí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, GL-5 ni n ó máa dà sí ibi gbogbo.” Kí ó dúró ná. Imí-ọjọ́ tí ń dáàbò bo irin a máa jẹ idẹ àti bàbà nígbà tí ó bá gbóná. Nínú gíàbọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni òrùka idẹ wà, èyí tí ń mú kí gíà wọlé láì dún. GL-4 ni ó tọ́ fún irú ibẹ̀, àyàfi bí ìwé ọkọ̀ bá wí òmíràn. Àwọn àgbà tí ó wa Peugeot 403 àti 404 yóò rántí pé ìdí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe hypoid: irin tí a gbẹ́ bí ìdè ni ó ń yí àgbá idẹ, òróró tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá da òróró hypoid líle sí i ń bá idẹ náà jà. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé òróró wo ni, kí a kọ́kọ́ béèrè pé irin wo ni ó wà nínú rẹ̀.

Nínú ìdí BMW àtijọ́, irin líle ni gíà méjèèjì. GL-5 ni ìwé rẹ̀ béèrè, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ pàápàá ń gba òróró kan náà, nítorí kò ní òrùka idẹ bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí ọ̀rẹ́ wa ní Ìkẹ́nnẹ́ wò ó dáradára pẹ̀lú, nítorí pé nínú díẹ̀ lára àwọn alùpùpù wọ̀nyí, ihò tí ṣáàfù ń gbé ní òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ẹlòmíràn a sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìwé àwọn Yamaha Virago kan sì béèrè GL-4 oní 80. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé GL-5 kò lè pa á lára. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ gíà náà mọ ohun tí ó gbẹ́, èmi yóò sì tẹ̀lé e. Bí ìwé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù bá ti sọnù, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé kò sí idẹ nínú ìdí rẹ̀, 80W-90 tàbí 85W-90 tí a kọ GL-5 sí ni kí ẹ béèrè.

Ní ti gíríìsì tí mẹ́káníìkì kejì dárúkọ: bí eyín gíà bá ti gbá a sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò jókòó sí, kì yóò ṣàn padà. Gíà yóò máa yí ní gbígbẹ láàárín gíríìsì púpọ̀, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní etí òkun.

Àwọn kan ti bi mí léèrè nípa òróró àtọwọ́dá, èyí tí owó rẹ̀ ga, tí a sábà máa ń kọ 75W-90 sí. Ó dára, ó sì ń fara da ooru. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e kí ó rà á. Ṣùgbọ́n òróró lásán oní GL-5 tí a pààrọ̀ ní àkókò rẹ̀ sàn ju olówó gọbọi tí a fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo sì ti rí àwọn tí ń fi iye owó tí wọ́n san ṣe àwáwí láti má ṣí ìdí náà wò mọ́.

Wàyí o, ìyá wa olóbì. Òróró dúdú tí a tú nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akóyọyọ ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán kí ó tó dé ìdí kẹ̀kẹ́ yín. Eérú àti ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Kò ní oògùn hypoid láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, nítorí ẹ́ńjìnnì kò nílò rẹ̀. Ẹ wá di ẹrù obì àti gbágùúdá lé e, ẹ sì gba ọ̀nà oko. Oṣù márùn-ún tí gíà náà lò ni ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Èyí kò ní ọwọ́ ayé nínú. Ẹ bi ara yín léèrè: bí ìyàwó bàbá bá lè fi ẹnu lásán jẹ eyín gíà, kí ni ó dé tí kò jẹ ti ọ̀kadà aládùúgbò tí ó ń yìn lójoojúmọ́? Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ó sọ, ìkíni ni ó sì yẹ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ mú ọmọ náà dání, kí ẹ jọ wọ iyàrá obìnrin náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó lọ sí ilé Ọlọ́run, kí ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀. Kí ó má ṣe àlàyé gíà fún un, kí ó kàn wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ dárí jì mí.” Bí obìnrin náà kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń fura sí òun, yóò mọ̀ pé ọmọ kan wá kí òun. Kí mẹ́káníìkì náà sì gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, ní ìkọ̀kọ̀, láì sí ariwo. Ó lè jẹ́ pé bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ nìyẹn.

Kí ẹ tó ra gíà kẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú àpótí náà mọ́ pátápátá, nítorí pé ìyẹ̀fun gíà tí ó jẹ wà nínú rẹ̀, yóò sì jẹ tuntun. Kí wọ́n wo àwọn bíárìn rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí ẹni tí yóò fi gíà náà sí i mọ bí a ti ń wọn àyè tí ó wà láàárín eyín méjèèjì. Bí ó bá há jù tàbí tí ó ṣí jù, òróró tí ó dára jù lọ kò lè gbà á là.

Nípa rírà: ẹ má ra òróró tí a bù nínú kẹ̀ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Àwọn ènìyàn búburú ń sẹ́ òróró tí a ti lò, wọ́n sì ń dà á padà sínú agolo olórúkọ. Ẹ wo èdìdì ẹnu agolo, ẹ wo GL àti nọ́ńbà SAE pé a tẹ̀ wọ́n sí i ní kedere, ẹ sì ba agolo náà jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó tán kí ẹnikẹ́ni má baà tún un kún. Òróró tí ìdí ń gbà kò pọ̀: nínú púpọ̀ BMW àtijọ́, kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lítà lọ. Owó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mélòó kan ni a ń torí rẹ̀ ba gíà olówó iyebíye jẹ́!

Bí a ti ń pààrọ̀ rẹ̀ kò nira. Ẹ gùn ún díẹ̀ kí òróró lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbé e dúró sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ìdérí òkè, ibi tí a ń gbà da òróró, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Bí ẹ bá tú ti ìsàlẹ̀, tí òróró dà nù tán, tí ìdérí òkè sì kọ̀ láti ṣí, alùpùpù yín di ohun ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí ó ro tán. Ẹ fi wásà tuntun sí ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ dè é kí ó le níwọ̀n, kí ẹ sì da òróró tuntun sí i títí yóò fi kan etí ìsàlẹ̀ ihò ìdàsí, tàbí bí ìwé bá dárúkọ iye kan, kí ẹ wọ̀n ọ́. Àkúnjù kì í ṣe ojú rere. Òróró tí ó pọ̀ jù a máa gbóná, a máa ti síìlì jáde, ibi tí yóò sì ṣàn sí nínú BMW àtijọ́ àti nínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kò ju ìjánu ẹ̀yìn lọ. Ìjánu tí ó mu òróró kì í mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá rí òróró ní ara ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ gbé ọmọ tàbí aya sẹ́yìn títí yóò fi tún un ṣe.

Ẹ wo òróró tí ó jáde. Bí òòfà bá wà ní orí ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ óò rí ohun kan bí ẹrẹ̀ dúdú tí ó kúnná níbẹ̀. Èyí kò burú, jíjẹ ojoojúmọ́ ni. Bí ẹ bá rí ègé irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí òróró bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Ẹni tí ó ti wọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá nínú odò kíkún ní oṣù Okúdù kí ó ṣí i wò láì dúró de àkókò. Bí kò bá sí ìyọnu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà àkọ́kọ́ tí gíà bá jẹ́ tuntun, lẹ́yìn náà ní ọdọọdún tàbí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé, àyàfi bí ìwé bá yan àkókò mìíràn. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí ń gba ọ̀nà oko kò yẹ kí ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, oṣù mẹ́fà tó.

Òróró àlòkù náà, ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ẹ má sì gbé e sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí àwọn ọmọdé. Inú kẹ̀ẹ̀gì tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí gàdàgbà ni kí ó wà, kí a gbé e sókè. Àwọn káfíńtà a máa gbà á láti fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kun igi ibùsùn tàbí ti ilé ìdáná.

A ti rí ìwé tí ẹnìkan kọ sí wa nípa sìlíńdà gáàsì tí ń jò lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni a ó dá a lóhùn. Kí ó tó di ìgbà náà, kí ó gbé e jáde sí ìta.